Iṣẹ́ Tí A Kò Rán Oògùn: Ìtàn Ìtọ́jú Ọmọ Kékeré Tó Ní Wárápá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ kékeré tó ní gìrì tàbí wárápá, láti orí àgbo ìtọ̀ màlúù títí dé orí oògùn ilé-ìwòsàn òde òní. Ohun tó gbájú mọ́ ni iṣẹ́ tí a kò rán oògùn: oorun, ìbínú, ìgbàgbé, èrìgì wíwú, ara sísú. Ìtàn náà fi hàn pé oògùn kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́gun gìrì ni ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ, pé ẹni tó bá ń ṣọ́ ọmọ lójoojúmọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ rí i, àti pé olùkọ́ wà lára àwọn aṣọ́nà náà.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ yóò ti pàdé ọmọ tó máa ń sùn kí agogo ìsinmi tó lù. Yóò ti pàdé òmíràn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, tó ń jà, tó ń sunkún láìnídìí, tó sì ń gbàgbé lónìí ohun tó mọ̀ lánàá. Orúkọ tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn méjèèjì kò jìnnà sí ẹnu: wọ́n á pe èkíní ní ọ̀lẹ, wọ́n á pe èkejì ní aláìgbọràn. Bí àwọn ọmọ náà bá ní wárápá tí wọ́n sì ń lo oògùn, ó ṣeé ṣe kí orúkọ méjèèjì jẹ́ irọ́. Oògùn lè wà nídìí oorun èkíní, kí oògùn kan náà sì wà nídìí ìjà èkejì.

Nínú iṣẹ́ yìí, ‘iṣẹ́ tí a kò rán oògùn’ dúró fún ohunkóhun tí oògùn ń ṣe lára yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lò ó. Ìtàn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún olùkọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí ló ń dá oògùn ọmọ wọn dúró lójijì nígbà tí wọ́n bá rí i, tí gìrì sì ń padà wá pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlú Ìwó jẹ́ ibi tó yẹ láti ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Olúwòó, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo, ti pẹ́ nínú iṣẹ́ kíkọ́ olùkọ́. Yunifásítì Bowen, tó gba ìwé àṣẹ ní 2001, fi Ìwó ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Baptist ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní 1907. Òbí tó ń gbé Ìwó tó sì fẹ́ kí àgbà dókítà ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wo ọmọ rẹ̀ yóò rìnrìn-àjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Láàárín ìrìn-àjò kan sí èkejì, oṣù lè kọjá. Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ wà ní gbogbo àkókò náà, ibẹ̀ náà sì ni oògùn ti ń ṣe iṣẹ́ tí a rán an àti èyí tí a kò rán an.

Gìrì àti Wárápá

Yorùbá ti ya gìrì sọ́tọ̀ sí wárápá tipẹ́tipẹ́. Gìrì jẹ́ ti ọmọdé. Ara gbígbóná ni ó sábà máa ń mú un wá, tí ojú ọmọ á yí, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wárápá kò dúró de ibà: ó ń wá, ó ń lọ, ó sì ń padà wá. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní gbe ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn dé àyè kan. Gìrì tí ibà ń fà máa ń wáyé láàárín oṣù 6 sí nǹkan bí ọdún 5, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ṣe é ni kì í sì ní wárápá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ibi tí èrò àtijọ́ ti ṣì ọ̀nà ni ìgbàgbọ́ pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé ṣubú máa ń kó o ran ẹlòmíràn. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó ń mú kí wọ́n ya abọ́ àti ṣíbí ọmọ sọ́tọ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n sáré gbé ẹni tó ṣubú sínú iná. Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ni orísun rẹ̀ wà. Àwọn fọ́nrán inú ọpọlọ ń fi agbára tó jọ ti iná mànàmáná ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ètò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kí ọmọ dákẹ́ kí ó máa wo ọ̀ọ́kán láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìbí tó le, yírùnyírùn, ibà tó wọ ọpọlọ àti ọgbẹ́ orí wà lára ohun tó lè fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀wẹ̀, wọn kì í rí ohun tó fà á.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán oògùn wárápá ni kí ó dín ìránṣẹ́ tí kò létò yìí kù. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kan náà ni ọmọ fi ń kọ́ ìwé, tó fi ń rántí orin, tó fi ń kápá ìbínú rẹ̀. Oògùn tó bá fọwọ́ lé ọ̀kan lè fọwọ́ kan ìyókù. Gbòǹgbò gbogbo ìṣòro tí ìtàn yìí dá lé lórí nìyẹn.

Àgbo Ìtọ̀ Màlúù

Àgbo tí ìtàn rẹ̀ fi ewu yìí hàn kedere jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni àgbo ìtọ̀ màlúù. Ewé tábà, efinrin, aáyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti àwọn èròjà mìíràn ni wọ́n máa ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Bí gìrì bá mú ọmọ, wọ́n á rọ ọ́ sí i lẹ́nu, wọ́n á sì fi pa á lára. Ìfẹ́ ọmọ ni ó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé kò sí òbí tó lè káwọ́ lẹ́yìn nígbà tí ojú ọmọ bá yí.

Àwọn dókítà ọmọdé ní Ìbàdàn kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń gbé dé pẹ̀lú gìrì ti mu àgbo yìí nílé, pé ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè yá, àti pé àwọn kan ń kú. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Oyèbọ̀lá àti Elegbe tẹ ìwádìí jáde ní 1975 lórí bí àgbo náà ṣe ń ṣe eku inú àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ìwádìí tún tẹ̀ lé e ní 1983 lórí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bí ó ṣe ń pani. Ohun tó hàn gbangba ni pé àgbo náà ń sọ mímí di aláìlágbára, ó sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá lọ sílẹ̀ jù, òun náà á máa fa gìrì. Òbí á rí i pé gìrì kò lọ, á sì tún rọ àgbo mìíràn sí ọmọ lẹ́nu. Ohun tí ó pè ní agbára àìsàn ti di agbára oògùn, kò sì sí àmì kan lójú ọmọ tó lè fi ìyàtọ̀ hàn án. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ nípa ìtọ̀ màlúù fi kọjá ọ̀rọ̀ ìtọ̀ màlúù nìkan. Ó kọ́ni pé ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àìsàn ni ó ń wò tàbí oògùn.

Oògùn inú ìgò náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yìí. Ní 1990, paracetamol olómi tí kẹ́míkà olóró tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wà nínú rẹ̀ pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1993. Síbẹ̀, irú májèlé kan náà tún wọ inú oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín láàárín 2008 sí 2009, ó sì pa ọmọ 84. Ní 2004, Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń gba ìròyìn jọ nípa ìpalára tí oògùn bá ṣe, NAFDAC sì ni ó ń bójú tó ètò náà nílé.

Oorun Tó Di Ìwòsàn

Láti mọ bí oògùn wárápá tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwòsàn wa ṣe débẹ̀, ó di dandan láti wo òkèèrè. Ní 1857, Charles Locock, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn pé iyọ̀ bromide dá wárápá dúró lára àwọn obìnrin kan tó tọ́jú. Fún nǹkan bí ọdún 50, bromide ni oògùn wárápá tó lórúkọ jù ní Yúróòpù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ara àwọn tó ń lò ó a máa sú, oorun a máa kùn wọ́n, iyè wọn a sì máa rá bí oògùn bá pọ̀ lára.

Ní 1912, ní ìlú Freiburg ní Jámánì, Alfred Hauptmann fún àwọn aláìsàn oníwárápá ní phenobarbital. Oògùn oorun ni phenobarbital nígbà náà, ìdí tó sì fi fún wọn ni kí ara wọn lè balẹ̀ kí wọ́n sì lè sùn. Ó kíyè sí i pé gìrì wọn ń dín kù. Ẹni tó bá wo ìtàn yìí dáadáa yóò rí i pé oorun ni iṣẹ́ tí wọ́n rán phenobarbital. Dídá gìrì dúró ni iṣẹ́ tí wọn kò rán an. Ohun tí wọ́n ń wá kiri yí padà lẹ́yìn èyí: gìrì di iṣẹ́ tí wọ́n ń rán oògùn náà, oorun sì di ohun tí wọn kò fẹ́ mọ́. Oògùn fúnra rẹ̀ kò yí padà.

Ó pé ọdún 26 lẹ́yìn náà kí Houston Merritt àti Tracy Putnam ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tó fi hàn ní 1938 pé phenytoin lè dá gìrì dúró láìmú ènìyàn sùn bíi phenobarbital. Inú àwọn dókítà dùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé èrìgì àwọn tó ń lò ó ń wú bo eyín, pàápàá lára àwọn ọmọdé, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1939. Oògùn yìí tún ní ìṣòro mìíràn: àfikún díẹ̀ lórí ìwọ̀n tó tọ́ lè mú kí ọmọ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mu ọtí. Bí wọ́n bá lé iṣẹ́ àìrán kan lọ lẹ́nu ọ̀nà, òmíràn a máa gba ojú fèrèsé wọlé.

Aro, Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà

Ní Nàìjíríà, ìtọ́jú wárápá kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ilé-ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo ní 1954. Ètò tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ gba aláìsàn láyè láti máa gbé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ ní àwọn abúlé àyíká, kí ó sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò náà bá ọ̀rọ̀ oògùn mu, nítorí pé ìbátan tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn ni ó lè sọ fún dókítà bí alẹ́ ṣe rí.

Ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé-ìwòsàn UCH tuntun ní 1957, Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì tí a bí ní 1935 tó sì kú ní 1995, sọ ìmọ̀ nípa àrùn ọpọlọ àti iṣan di ẹ̀kọ́ tó fìdí múlẹ̀. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró de aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ìgbèríko láti 1963. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 fi hàn pé nínú ènìyàn 1,000, ẹni 5.3 ni ó ní wárápá ní Igbó-Ọrà. Ní Ayétẹ̀, ìlú kékeré tí kò jìnnà síbẹ̀, iye náà ga tó 37 nínú 1,000. Wọ́n so ìyàtọ̀ náà mọ́ ètò ìlera tó wà ní Igbó-Ọrà tí kò sí ní Ayétẹ̀. Níbi tí ọmọ bá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà kíákíá, tí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ sì wà, gìrì tó ń ba ọpọlọ jẹ́ á dín kù.

Iṣẹ́ Ọ̀ṣúntókun jẹ́ kí ó hàn pé wárápá pọ̀ láàárín wa, pé ó ṣeé kà, ó sì ṣeé tọ́jú. Ìbéèrè tó kù ni irú oògùn tí ìlú tí kò lówó lọ́wọ́ yóò fi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ àkójọ oògùn kò-ṣeé-má-nìí àkọ́kọ́ jáde ní 1977, phenobarbital wà níbẹ̀, òun sì ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo oògùn wárápá.

Àríyànjiyàn lórí Phenobarbital

Ní 1990, Farwell àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó mì àwọn dókítà ọmọdé. Wọ́n pín ọmọ kékeré 217 tó ti ní gìrì ibà sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba phenobarbital, àwọn yòókù gba oògùn tí kò ní agbára kankan. Lẹ́yìn ọdún 2, òṣùwọ̀n òye àwọn tó gba phenobarbital fi nǹkan bí máàkì 7 kéré sí ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dá oògùn náà dúró fún oṣù 6, ìyàtọ̀ tó tó máàkì 5 ṣì wà. Fún ọmọ tí gìrì ibà rẹ̀ ì bá lọ fúnra rẹ̀, owó yìí ti wọ́n jù.

Ṣùgbọ́n gìrì ibà yàtọ̀ sí wárápá. Ọmọ tó ní wárápá tí kò gba oògùn kankan náà ń pàdánù: gìrì ń ba ìrántí rẹ̀ jẹ́, ó ń ṣubú sínú iná, wọ́n sì ń mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí kò lówó fi tún ìbéèrè náà béèrè. Ní Nakuru ní Kẹ́ńyà, Feksi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (1991) fi phenobarbital wé carbamazepine lára ènìyàn 302, agbára méjèèjì láti dá gìrì dúró sì dọ́gba. Ní ìgbèríko West Bengal ní Íńdíà, Pal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (1998) fi í wé phenytoin lára ọmọ 94. Ní Bangladesh, Banu àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2007) fi í wé carbamazepine lára ọmọ 108. Nínú ìwádìí méjèèjì tí wọ́n ṣe lára ọmọdé yìí, ìwà àwọn ọmọ tó lo phenobarbital kò burú ju ti àwọn yòókù lọ. Ní Nàìjíríà náà, Ogunrin, Adamolekun àti Ogunniyi (2005) wo bí oògùn wárápá ṣe ń nípa lórí iṣẹ́ ọpọlọ àwọn tó ń lò ó, èyí tó fi hàn pé ìbéèrè náà ti di ti ilẹ̀ wa.

Bí wọ́n bá kó àwọn èsì yìí papọ̀, wọn kò tako ara wọn tó bí ó ṣe kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọ́n tako. Oògùn tí kò yẹ kí wọ́n fún ọmọ kan lè jẹ́ èyí tó yẹ kí òmíràn gbà. Iye tí oògùn ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kò ṣeé mọ̀ àfi bí wọ́n bá fi wé iye tí àìsàn ìbá gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni èsì tó dára fún ọmọ 100 kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó ní ìlà ẹ̀yìn nínú kíláàsì. Àfi kí wọ́n wo òun fúnra rẹ̀.

Oògùn Mìíràn, Àmì Mìíràn

Lẹ́yìn phenytoin, oògùn mìíràn dé. Carbamazepine bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí wárápá ní Yúróòpù láàárín àwọn ọdún 1960. Ó lè fa òòyì, ó lè mú kí ọmọ máa rí nǹkan kan ní méjì, ó sì lè mú kí ara sú. Valproate, tí wọ́n mọ agbára rẹ̀ ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lè mú kí ọmọ sanra, kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kí irun rẹ̀ sì máa já. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987 fi hàn pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tí wọ́n sì ń lo oògùn wárápá mìíràn mọ́ ọn, ni ẹ̀dọ̀ wọn wà nínú ewu jù. Ó tún lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ronú jinlẹ̀ kí wọ́n tó fún ọmọbìnrin tó ń dàgbà bọ̀. Levetiracetam, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1999, rọrùn fún ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọmọ oníwà pẹ̀lẹ́ di oníbìínú.

Ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré nínú ọ̀rọ̀ oògùn. Phenobarbital tó ń mú àgbà sùn lè mú ọmọdé máa sáré kiri kí ó má lè jókòó. Ìwọ̀n oògùn ọmọ tún so mọ́ bí ó ṣe wúwo sí. Ìwọ̀n tó tó fún un nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 3 kò ní tó mọ́ nígbà tó bá pé ọdún 6, bí dókítà kò bá sì tún un ṣírò, wọ́n lè rò pé oògùn náà ti bàjẹ́. Oògùn mìíràn tún máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Carbamazepine àti phenytoin lè sọ oògùn ibà tó ní lumefantrine nínú di aláìlágbára lára ọmọ. Ní ilẹ̀ tí ibà kò ti jìnnà sílé, òbí gbọ́dọ̀ dárúkọ oògùn wárápá ọmọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta oògùn ibà fún un.

Iṣẹ́ Òbí àti Olùkọ́

Àṣìṣe tó léwu jù tí ìtàn yìí fi kọ́ni ni dídá oògùn dúró lójijì. Ọpọlọ tí oògùn ti ń ká lọ́wọ́ kò fún ọ̀pọ̀ oṣù lè bẹ̀rẹ̀ gìrì tí kì í dáwọ́ dúró, èyí tó lè pa ọmọ tàbí kí ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ títí láé. Yálà oorun ni ó dé ni, ìbínú ni, tàbí pé owó tán lápò, ọ̀dọ̀ dókítà ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀ náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ oògùn wárápá, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n fi ń fi í sílẹ̀. Dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó lè sún un sí alẹ́, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Àwọn àmì kan wà tí kò ṣeé fi di ọjọ́ tí dókítà dá. Bí ara ọmọ bá sú lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, pàápàá bí ibà tàbí egbò ẹnu bá bá a rìn, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ tó ń lo valproate bá ń bì léraléra, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí òyìn, tàbí tí oorun rẹ̀ kò ṣeé jí. Àwọn mìíràn fàyè sílẹ̀: ọmọ tó ń lo phenytoin nílò kí wọ́n máa fọ eyín rẹ̀ dáadáa lówùúrọ̀ àti lálẹ́, kí èrìgì má baà tètè wú.

Ìwé àjákọ kékeré kan ni irinṣẹ́ tó wúlò jù, kò sì wọ́n. Òbí yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ọmọ lo oògùn, ọjọ́ tí gìrì mú un àti ìṣẹ́jú tó lò. Olùkọ́ yóò fi tirẹ̀ kún un: wákàtí tí oorun gbé ọmọ, ìgbà tí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ìgbà tí ìwà rẹ̀ yí padà. Bí olùkọ́ bá rí i pé ọmọ tó mọ ìṣirò ní oṣù Kẹsàn-án kò lè ka 1 dé 20 mọ́ ní oṣù Kọkànlá, tí òbí sì rántí pé wọ́n fi kún oògùn rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, dókítà ti ní ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ fún un. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó.

Kí olùkọ́ tó lè ṣe èyí, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí wárápá jẹ́. Ìwádìí tí Mustapha àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 lórí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òṣogbo fi hàn pé àṣìlóye ṣì wà láàárín àwọn tó ń kọ́ ọmọ. Bí gìrì bá mú ọmọ nínú kíláàsì, kí olùkọ́ dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ohun tó rọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, kí ó kó ohun líle kúrò nítòsí, kí ó sì wo aago. Kò gbọ́dọ̀ ki ṣíbí tàbí ìka bọ ọmọ lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kò sì gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé-ìwòsàn yá.

Àgbálọgbábọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní wárápá láyé, pé ìdá 80 nínú 100 wọn ń gbé ní ilẹ̀ tí owó kò pọ̀, àti pé tó ìdá 70 nínú 100 ni ó lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó tọ́. Ètò àgbáyé lórí wárápá tí wọ́n fẹnu kò sí fún 2022 sí 2031 ń lépa èyí. Láti orí bromide dé levetiracetam, oògùn ti dára sí i, síbẹ̀ kò tíì sí èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìkan. Ohun tó ti yí padà jù ni pé wọ́n ti kọ́ láti wo ọmọ lẹ́yìn tí gìrì bá dáwọ́ dúró.

Ó yẹ nígbà náà kí àwọn kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ fi ẹ̀kọ́ nípa wárápá àti oògùn rẹ̀ kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kí ó tó jáde lọ ṣe iṣẹ́ ìdánrawò. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ní àkọsílẹ̀ oògùn ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí wọ́n má sì fi í hàn ẹni tí kò kàn. Ó sì yẹ kí olùkọ́ tó bá rí ọmọ tó ń sùn ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ohun tí ọmọ náà lò kó tó kúrò nílé, kí ó tó fún un lórúkọ.